Ilẹ̀pa, Páànù àti Sìmẹ́ńtì: Ìtàn Ilé Kíkọ́ ní Agbègbè Owódé Ẹ̀gbá

Ohun méjì tí ó wà nínú ilẹ̀ ni ó pinnu irú ilé tí àwọn ènìyàn agbègbè Owódé Ẹ̀gbá ń gbé láti ayébáyé títí di òní. Ọ̀kan ni ilẹ̀pa, erùpẹ̀ pupa tí ó tẹ́ rẹrẹ láti Owódé dé Ìfọ̀, tí kò fẹ́ ju ọkọ́, omi àti ẹsẹ̀ ènìyàn lọ kí ó tó di ògiri. Èkejì ni òkúta ẹfun tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ ní Ewékorò, èyí tí òkun àtijọ́ kó jọ síbẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́ta mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, tí ìkarahun ẹran omi sì ṣì wà nínú rẹ̀. Ilẹ̀pa ni àwọn baba ńlá wa fi mọlé. Òkúta ẹfun tí a sun, tí a sì lọ̀, ni a fi ń kọ́lé báyìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé sìmẹ́ńtì ni ó lé amọ̀ kúrò, ṣùgbọ́n bí a bá tọ ìtàn náà bó ṣe ṣẹlẹ̀, a ó rí i pé òrùlé ni ó kọ́kọ́ yí padà. Ògiri wá tẹ̀ lé e.

Owódé ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Mowé àti Ìbàfò wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan náà, lẹ́bàá òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ìfọ̀ àti Ewékorò wà ní ìwọ̀-oòrùn wọn, lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2006, ènìyàn 228,851 ni wọ́n kà ní Ọbáfẹ́mi-Owódé, nígbà tí Ìfọ̀, tí ilẹ̀ rẹ̀ kò tó ìdajì ti Ọbáfẹ́mi-Owódé, ní 524,837. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí ibi tí èrò bá ti wọ́ sí ni ilé ti ń yára yí padà.

Ilé alámọ̀

Lẹ́yìn tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830, pẹ̀lú Ṣódẹkẹ́ gẹ́gẹ́ bí olórí wọn, ilẹ̀ oko wọn gbòòrò díẹ̀díẹ̀ sí gúúsù àti sí ìlà-oòrùn. Abà oko ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ibùgbé agbègbè yìí kí wọ́n tó di ìlú. Ẹni tí ó ní ilé sí Abẹ́òkúta ní ilé sí abà pẹ̀lú, ohun èlò kan náà ni wọ́n sì fi ń kọ́ méjèèjì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ìlú máa ń tóbi jù.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń mọlé. Wọ́n á wa ilẹ̀pa nítòsí ibi tí ilé yóò dúró sí, wọ́n á bu omi lù ú, wọ́n á fi ẹsẹ̀ pò ó, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ kí ó gba omi dáadáa kí wọ́n tó tún un pò. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n sábà fi ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ọkùnrin tí ó ń fẹ́ ọmọ nílé kan lè kó ẹgbẹ́ rẹ̀ wá bá àna rẹ̀ po amọ̀, onílé á sì pèsè oúnjẹ àti ẹmu fún wọn. Nígbà tí amọ̀ bá ti rọ̀ tó, ọ̀mọlé á to ìpele kìn-ín-ní yí ilé náà ká, tí yóò ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Kò ní gbé ìpele kejì lé e àfi bí ti ìṣáájú bá ti gbẹ, nítorí amọ̀ tútù kò lè ru amọ̀ tútù. Ìdí nìyí tí ilé kan fi ń gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ògiri bẹ́ẹ̀ nípọn, kì í sì í ga púpọ̀. Ìpele mẹ́rin tàbí márùn-ún ti tó. Sámúẹ́lì Johnson, àlùfáà tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, ṣàpèjúwe irú ilé yìí nínú rẹ̀.

Lórí ògiri ni wọ́n á kan igi òrùlé sí, wọ́n á sì fi okùn igbó dì í. Koríko bẹẹrẹ ni wọ́n ń fi bo ilé ní ilẹ̀ ọ̀dàn. Ní Ọ̀yọ́, bẹẹrẹ tí wọ́n ń gbé wá fún Aláàfin láti fi bo ààfin di ọdún ńlá. Ní ìhà gúúsù tí igbó pọ̀ sí, ewé gbòdògì àti imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n ń lò. Òrùlé náà dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ kí omi òjò lè yára sàn kúrò, etí rẹ̀ sì sọ̀ kalẹ̀ kọjá ògiri dé ibi tí àgbàlagbà ti gbọ́dọ̀ tẹ orí ba kí ó tó wọlé. Etí òrùlé tí ó sọ̀ yìí ni ẹ̀mí ilé alámọ̀. Òun ni ó ń gba òjò àti oòrùn fún ògiri, tí ó sì ń dá ọ̀dẹ̀dẹ̀ sílẹ̀, níbi tí a ti ń jókòó, tí a ti ń ta ayò, tí a sì ti ń gba àlejò.

Yàrá àwọn ọmọ ilé máa ń yí àgbàlá ká nínú agbo-ilé. Ojú ọ̀run ni àgbàlá ń wò, afẹ́fẹ́ gbígbóná á gba ibẹ̀ jáde, ìmọ́lẹ̀ á gba ibẹ̀ wọlé, omi òjò tí ó ń ṣàn bọ̀ láti ara òrùlé á sì kún ìkòkò tí wọ́n gbé sí abẹ́ rẹ̀. Ògiri tí ó nípọn ń gba ooru ọ̀sán sára láìjẹ́ kí ó tètè dé inú, ilẹ̀ á sì ti ń ṣú kí ooru náà tó wọ yàrá. Ẹni tí ó bá wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án gangan á kọ́kọ́ rí i pé ó ṣókùnkùn, kí ó tó mọ̀ ọ́n lára pé ó tutù. Nígbà tí wọ́n bá sì wó ilé, ògiri á padà di ilẹ̀ tí a lè gbin nǹkan sí.

A kò gbọ́dọ̀ fi èyí sọ pé ilé náà kò ní àbùkù. Iná ni ọ̀tá rẹ̀ tó burú jù. Bí ẹ̀ta iná kan bá fò sórí koríko nígbà ọyẹ́, agbo-ilé mélòó kan lè jóná kí oòrùn tó wọ̀. Nítorí èyí ni àwọn kan ṣe ń tẹ́ igi sórí yàrá, tí wọ́n á da amọ̀ lé e, kí ó di àjà. Bí òrùlé bá jó, ẹrù inú yàrá lè yọ. Ikán ń jẹ igi. Òjò tí ó ń ta sí ẹsẹ̀ ògiri ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. A sì gbọ́dọ̀ máa tún òrùlé bò láàárín ọdún díẹ̀, iṣẹ́ tí ó rọrùn nígbà tí agbo-ilé kún fún ọ̀dọ́ ọkùnrin, tí ó sì di ìnira nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣí lọ sí Èkó.

Páànù dé

Ní 1829 ni Henry Robinson Palmer gba ìwé àṣẹ ní Lọ́ńdọ̀nù fún irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n tẹ̀ kọ́lọkọ̀lọ kí ó lè le. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi síńkì bò ó kí ó má bàa dípẹtà. Ohun yìí ni a mọ̀ sí páànù. Àwọn míṣọ́nnárì, àwọn Sàró tí ó ti Fìrítáàmù dé àti àwọn Àgùdà tí ó ti Bràsíìlì dé ni wọ́n fi í han àwọn ará ilẹ̀ wa. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ sí Àgbádárìgì ní 1845, tí ó ṣì wà níbẹ̀, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ilé tí ènìyàn ń lọ wò gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ ìgbà tuntun.

Rélùwéè ni ó gbé páànù dé agbègbè tí a ń sọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí la ọ̀nà irin láti Èkó ní 1896, ó gba Ìfọ̀ kọjá, wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn ní 1901. Ọkọ̀ ojú irin tí ó ń ru èso oko lọ sí Èkó ń ru páànù, ìṣó àti àgbá sìmẹ́ńtì bọ̀. Ẹni tí ó bá rí owó kòkó tàbí owó obì mú lọ́wọ́ á ra páànù, nítorí kì í jóná, kò sì nílò ọ̀wẹ̀ lọ́dọọdún.

Kò sí ohun tí a lè bá ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ wí fún, ẹ̀rù iná nìkan ti tó ìdí. Ṣùgbọ́n páànù mú ìyípadà mẹ́ta wá tí ẹnikẹ́ni kò gbèrò. Owó ni wọ́n fi ń ra ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀, nítorí náà onílé bẹ̀rẹ̀ sí gé etí òrùlé kúrú kí ó má bàa ra púpọ̀. Irin kọ́lọkọ̀lọ fẹ́ ojú tí ó tọ́ gbọnrangandan, kò rọrùn láti fi yí àgbàlá ká, nítorí náà agbo-ilé fi àyè sílẹ̀ fún ilé onígun mẹ́rin tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró là láàárín, tí yàrá ìhà méjèèjì kọjú sí ara wọn. Èyí tó kẹ́yìn ni pé páànù tí oòrùn bá pa máa ń sọ ooru rẹ̀ sórí ẹni tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, láìsí àgbàlá tí ooru náà yóò gbà jáde.

Etí òrùlé tí ó kúrú ni ó ṣí ọ̀nà fún sìmẹ́ńtì. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí na ògiri amọ̀ tí kò ní ààbò mọ́, onílé sì wá sìmẹ́ńtì láti fi rẹ́ ẹ. Sìmẹ́ńtì kò lẹ̀ mọ́ amọ̀ dáadáa. Bí amọ̀ bá ti gba omi tí ó wú, tí ó tún gbẹ tí ó sún kì, ohun tí wọ́n fi rẹ́ ẹ á sán, omi á gba ojú sísán náà wọlé, kò sì ní ráyè jáde. A ṣì ń rí irú ògiri bẹ́ẹ̀ ní àwọn abúlé agbègbè Owódé títí di ìsinsìnyí, tí òde rẹ̀ ń bó lulẹ̀ tí amọ̀ inú rẹ̀ sì ń ya. Àwọn ènìyàn wá gbé ẹ̀bi fún amọ̀, wọ́n ní kò lágbára.

Ewékorò àti ọ̀nà márosẹ̀

Láti òkè òkun ni sìmẹ́ńtì ti ń wá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1957 ni ilé-iṣẹ́ Nkalagu ní ilẹ̀ Ìgbò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní 1959 wọ́n dá ilé-iṣẹ́ West African Portland Cement Company sílẹ̀, tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní ìpín nínú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ewékorò ní 1960, ọdún òmìnira gan-an. Òkúta ẹfun tí wọ́n ń wà níbẹ̀ ni wọ́n ń lọ̀ pọ̀ mọ́ amọ̀, tí wọ́n ń sun nínú ààrò gígùn tí ń yí, tí ooru rẹ̀ tó 1,450 lórí ìwọ̀n Celsius, kí wọ́n tó tún un lọ̀ kúnná.

Iná nìkan kọ́ ni ó ń tú èéfín jáde níbẹ̀. Òkúta ẹfun fúnra rẹ̀ ní kábọ́ọ̀nù nínú, ooru ni ó sì ń tú u sílẹ̀ sínú afẹ́fẹ́. Ìdí nìyí tí ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì gbogbo ayé fi ń tú nǹkan bí ìdá méje sí mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo kábọ́ọ̀nù tí àwa ènìyàn ń rán sí ojú ọ̀run, àti ìdí tí kò fi tó kí a kàn pààrọ̀ epo tí a fi ń dáná.

Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé, ìjọba àpapọ̀ ra sìmẹ́ńtì ju bí èbúté Èkó ṣe lè gbà lọ. Ní 1975, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ ojú omi tò sí etí òkun Èkó fún oṣù púpọ̀ pẹ̀lú ẹrù sìmẹ́ńtì nínú wọn, tí òmíràn sì ti dì kí ó tó dé ilẹ̀. Ìṣẹ̀lẹ̀ yìí fi hàn bí orílẹ̀-èdè ṣe ti so ọjọ́ ọ̀la rẹ̀ mọ́ ohun èlò kan ṣoṣo.

Ọdún 1978 ni ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì kejì ti ilé-iṣẹ́ Ewékorò bẹ̀rẹ̀ ní Ṣàgámù. Ọdún kan náà ni wọ́n ṣí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí ó gba Ìbàfò àti Mowé kọjá. Ní 1983, Ìjọ Ìràpadà ra ilẹ̀ nítòsí Mowé fún àgọ́ rẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni àwọn tí owó ilé Èkó ti le jù fún bẹ̀rẹ̀ sí wá ra ilẹ̀ ní agbègbè náà, ìdajì pulọ́ọ̀tì tàbí odindi kan, tí oko pákí àti igbó ọ̀pẹ sì ń di àdúgbò.

Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ìwé ìtàn sọ gbangba nìyí: búlọ́ọ̀kù borí nítorí pé ó lè dúró de owó. Òṣìṣẹ́ tí ó ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ lè ṣe búlọ́ọ̀kù lóṣù yìí, kí ó kọ́ ọ dé ojú fèrèsé lọ́dún tí ń bọ̀, kí ó sì fi ilé náà sílẹ̀ láìbò fún ọdún mẹ́ta nínú òjò. Ògiri amọ̀ kò lè fara da èyí; ó gbọ́dọ̀ rí òrùlé kí òjò tó dé. Ẹni tí kò sí ọ̀wẹ̀ fún mọ́, tí kò sì lè tètè rí owó yá, búlọ́ọ̀kù ni ó bá a mu. Ojú tí àwùjọ fi ń wo ilé alámọ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé òtòṣì wá parí iṣẹ́ náà.

Búlọ́ọ̀kù ń jẹ iyanrìn, Odò Ògùn sì ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Odò yìí kan náà ń tàn ká àbàtà láti ìhà Ìbàfò dé Ìṣẹrì, níbi tí wọ́n ti ń da yẹ̀pẹ̀ dí àbàtà kí wọ́n lè kọ́lé. Ìsédò Ọ̀yán, tí wọ́n ṣí ní 1983, wà ní òkè odò náà. Nígbà tí òjò bá pọ̀ tí wọ́n sì tú omi rẹ̀ sílẹ̀, àwọn àdúgbò tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ni omi ń bò, nítorí àbàtà tí ó yẹ kí ó gba omi náà ti di ilé.

Ilé tí wọ́n kọ́ sórí pulọ́ọ̀tì wọ̀nyí ní ògiri tín-ín-rín, òrùlé tí kò ga, fèrèsé tí ó kọjú sí ibi tí ojú ọ̀nà bá wà, àti ilẹ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì bò pátápátá. Fáànù ni ó ń lé ooru inú wọn. Bí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ ni.

Àwọn tí ó gba ọ̀nà mìíràn

Kì í ṣe gbogbo ayàwòrán ilé ni ó gba ọ̀nà yìí. Maxwell Fry àti Jane Drew, tọkọtaya láti Ìlú Ọba, ya àwòrán Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948. Ilé wọn kò nípọn níbùú kí atẹ́gùn lè là á já, ògiri oníhò-hò sì ń ṣíji bò ó. Ní Ilé-Ifẹ̀, Arieh Sharon láti Ísírẹ́lì kọ́ àwọn ilé yunifásítì tí àjà òkè yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ, tí òjìji àjà kan ń bo èkejì. Iṣẹ́ etí òrùlé alámọ̀ ni àwọn ilé yìí ń ṣe pẹ̀lú kọnkéré.

Demas Nwoko ni ó padà sórí ilẹ̀pa gan-an. Ó fi ilẹ̀pa àti sìmẹ́ńtì ṣe búlọ́ọ̀kù, ó sì kọ́ ilé ìjọsìn àwọn Dominican sí Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1970. Ó tún fi iṣẹ́ ọnà igi àti irin sí i, gẹ́gẹ́ bí oníṣẹ́ ọnà tí òun jẹ́. Ilé náà ṣì dúró, wọ́n sì ń jọ́sìn nínú rẹ̀. Ní 2023, níbi àfihàn iṣẹ́ ilé kíkọ́ ní Venice, wọ́n fún un ní Kìnnìún Wúrà fún iṣẹ́ gbogbo ayé rẹ̀. Francis Kéré ti Burkina Faso, tí ó fi bíríkì alámọ̀ àti òrùlé páànù tí ó lékè àjà kọ́ ilé ẹ̀kọ́ abúlé rẹ̀ ní Gando ní 2001, gba ẹ̀bùn Pritzker ní 2022. Àyè tí ó wà láàárín páànù àti àjà ni afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gbà jáde níbẹ̀. Páànù náà kò yí padà, ibi tí wọ́n gbé e sí ni ó yàtọ̀.

Nítòsí Ìfọ̀ gan-an, ní Ọ̀tà, ni ìjọba àpapọ̀ ní ibi ìwádìí NBRRI, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1978 fún ìwádìí lórí ilé kíkọ́ àti ojú ọ̀nà. Wọ́n ṣe ẹ̀rọ tí ń tẹ ilẹ̀pa di bíríkì, irú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Kòlóḿbíà ní àwọn ọdún 1950. Sìmẹ́ńtì tí bíríkì náà ń gbà tó bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí búlọ́ọ̀kù tí ó péye ń fẹ́ sìmẹ́ńtì kan sí iyanrìn mẹ́fà tàbí mẹ́jọ. Wọn kì í fi iná sun ún, nítorí náà kò jẹ igi. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù fún ẹni tí ń kọ́lé díẹ̀díẹ̀ ni pé sìmẹ́ńtì ìdá márùn-ún yẹn ń jẹ́ kí ògiri náà fara da òjò ju amọ̀ lásán lọ.

Òfàdà wà ní Ọbáfẹ́mi-Owódé, gbogbo ayé sì mọ ìrẹsì rẹ̀. Èèpo ni nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìwúwo ìrẹsì tí a kò tíì bó. Bí a bá sun èèpo náà, eérú rẹ̀ ní sílíkà tí ó ju ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún lọ, sílíkà yìí sì lè rọ́pò apá kan sìmẹ́ńtì nínú kọnkéré. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ ṣọ́ iná rẹ̀. Bí ooru bá pọ̀ jù, sílíkà náà á yí padà, kò sì ní bá sìmẹ́ńtì ṣiṣẹ́ mọ́. Ìdí nìyí tí eérú ìdáná lásán kò fi lè ṣe iṣẹ́ yìí.

Ní oṣù Èrèlé 2024, owó àpò sìmẹ́ńtì kan kọjá ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà ní ọ̀pọ̀ ọjà, títí ìjọba àpapọ̀ fi pe àwọn tí ń ṣe é, tí wọ́n fẹnu kò sí ₦7,000 sí ₦8,000. Àwọn bíríkìlà tí kì í fẹ́ gbọ́ nípa ilẹ̀pa tẹ́lẹ̀ rí ìdí láti tún ọ̀rọ̀ náà wò. Ṣáájú èyí, ní 2017, ìjọba àpapọ̀ ti gbé ìlànà jáde lórí bí ilé ṣe lè dín iná tí ó ń jẹ kù, tí ó kan òjìji, òrùlé àti fèrèsé.

Ohun èlò nìkan kò tó. Agbègbè yìí wà ní nǹkan bí ìwọ̀n méje ní àríwá ìlà agbedeméjì ayé, oòrùn òwúrọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ sì ń wọ ògiri ìlà-oòrùn àti ti ìwọ̀-oòrùn lọ tààrà, nígbà tí atẹ́gùn ìgbà òjò ń ti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn fẹ́. Ní Mowé àti Ìbàfò, ojú ọ̀nà ti pinnu ibi tí ilé yóò kọjú sí, ó sì ṣòro láti yí padà. Ní apá Owódé, Síun àti Ọbáfẹ́mi, ilẹ̀ oko ṣì pọ̀ tí wọn kò tíì pín sí pulọ́ọ̀tì. Níbẹ̀ ni a ti lè la ojú ọ̀nà láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn, kí ilé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lè kọjú sí àríwá àti gúúsù. Kò ní ná onílé ní kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ ṣe é kí awọnlẹ̀ tó ri bíkọ̀nì mọ́lẹ̀.